Àwọn Oògùn Tí Àwọn Ọmọ Wa Ń Lò Nílòkulò àti Iṣẹ́ Wọn Nínú Ara

Nígbà tí àwa wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, sìgá àti igbó ni àwọn olùkọ́ ń wá kiri lábẹ́ ibùsùn wa. Igbó ní òórùn; ẹni tó bá fà á kì í lè fi pamọ́ pẹ́. Èyí tó gbòde lónìí kò ní òórùn. Inú páálí ló wà, ó sì lè jẹ́ irú èyí gan-an tí dókítà kọ fún ìyá àgbà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹ̀yin òbí, àti fún ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa tí ẹ ti ní ọmọ-ọmọ nílé.

Ìwádìí kan lórí ìlò oògùn ní Nàìjíríà, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2019, fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Igbó ló ṣíwájú. Oògùn apàrora, pàápàá tramadol, ló tẹ̀lé e. Òun àti kodéènì inú oògùn ikọ́ olómi ni a ó dúró lé lórí jù, nítorí àwọn ló ń pani lójú oorun.

Ẹbí kan náà ni wọ́n pẹ̀lú morphine tí ilé ìwòsàn ń lò fún ìrora ńlá. Bí kodéènì bá dé inú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ a sọ apá kan rẹ̀ di morphine. Ẹ̀dọ̀ àwọn kan yára ṣe iṣẹ́ yìí ju ti àwọn mìíràn lọ. Nítorí náà ni ọmọkùnrin méjì fi lè pín ìgò kan mu, kí ọ̀kan jí, kí èkejì má jí. Nínú ọpọlọ, wọ́n ń dí ìrora lọ́nà, wọ́n sì ń mú inú dùn, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń kan ibi tí ó ń pàṣẹ mímí. Ẹni tó sùn kì í rántí láti mí. Ọpọlọ ló ń bá a rántí. Oògùn yìí a sì mú kí ọpọlọ gbàgbé.

Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, adùn rẹ̀ a dínkù, ẹni tó ń lò ó a sì máa fi kún un. Ara tètè mọ́ adùn náà ju bí mímí ti ń mọ́ ọn lọ. Àlàfo yìí ni ikú ń gbà wọlé. Tramadol tún lè mú kí gìrì gbé ẹni tí kò ní wárápá rí.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ oníkodéènì wọlé. Síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń po oògùn pọ̀, wọ́n ń pè é ní omi gọ́tà: kodéènì, tramadol, oògùn oorun, nígbà mìíràn igbó pẹ̀lú. Ohun tó ń dín mímí kù pọ̀ ju ẹyọ kan lọ nínú rẹ̀; bí ọtí bá tún kún un, ọ̀ràn ti burú.

Igbó kì í pani bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ ọmọ ènìyàn kò gbó tán títí di nǹkan bí ọdún 25. Ó ń ba ìrántí jẹ́, ó sì lè jí àìsàn ọpọlọ tó wà nínú ìdílé. Colorado kì í ṣe igbó rárá. Ewé tí a fọ́n kẹ́míkà sí ni, kò sì sí ẹni tó mọ bí ó ti le tó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ pé, “Ẹ jẹ́ kó sùn, yóò dá lójú rẹ̀.” Bí ọmọ bá ń han oorun lọ́nà àjèjì, tí mímí rẹ̀ ń jìnnà síra, tí ètè àti èékánná rẹ̀ ń ṣú, tí kò sì dáhùn nígbà tí a gbọ̀n ọ́n, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú páálí tàbí ìgò tí ẹ bá rí. Ẹ má ṣe da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà lọ. Abẹ́rẹ́ kan wà, naloxone, tó ń lé oògùn apàrora wọ̀nyí kúrò nínú ọpọlọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Agbára rẹ̀ lè tán kí ti oògùn náà tó tán, nítorí náà ẹ má ṣe gbé ọmọ padà sílé nítorí pé ó lajú.

Àwa àlùfáà mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ni a sábà máa ń kọ́kọ́ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá. Ọpọlọ tí kò rí afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan ń kú lọ. Inú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ni kí a ti máa gbàdúrà.

Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ má ṣe dè é mọ́lẹ̀ kó lè jáwọ́ lójijì. Òógùn, ìgbẹ́ gbuuru àti ara ríro yóò bá a jà; bí ó bá jẹ́ oògùn oorun ló ń lò, gìrì lè gbé e. Ilé ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta àti ti Yábàá ní Èkó ń tọ́jú irú wọn, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì máa ń já a kúrò lẹ́nu wọn.