Ọmọ Tí Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó Fún

Ẹ̀yin òbí nínú Olúwa, àwọn bàbá wa ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, yóò di odidi. Bí a ṣe tọ́ wa nìyẹn. A ń fi ojú bá ọmọ wí níwájú àlejò, a ń pa òwe, a ń sọ òdì kejì ohun tí a ní lọ́kàn, a sì ń retí kí ó yé e. Ọmọ tí ó bá tètè gbọ́ ni à ń pè ní ọlọ́gbọ́n.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà láàárín wa tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ kì í di odidi nínú wọn. Kì í ṣe pé wọ́n gọ̀, kì í sì í ṣe olórí kunkun ni wọ́n. Ohun tí ẹnu wa sọ gan-an ni wọ́n gbọ́. Púpọ̀ nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó ní ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ọ́tísìmù.

KÍ NI Ọ́TÍSÌMÙ?

Ọ́tísìmù kì í ṣe àrùn tí ènìyàn ń kó lára ẹlòmíràn, kì í sì í ṣe ìwà ìyá ni ó fà á. Bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ láti kékeré ni. Ó máa ń hàn nínú bí ó ṣe ń bá ènìyàn lò, bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀, àti bí ariwo tàbí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rí lára rẹ̀.

Ní ọdún 1943, Dókítà Leo Kanner ti ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní ìlú Baltimore, Amẹ́ríkà, kọ ìròyìn nípa àwọn ọmọ 11 tí ó ṣàkíyèsí. Ọ̀kan nínú wọn ni Donald. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kọ́ ọ láti máa sọ “bẹ́ẹ̀ ni,” ó sì ṣèlérí pé bí ó bá sọ ọ́, òun yóò gbé e lé èjìká. Ọmọ náà kọ́ ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí “bẹ́ẹ̀ ni” wá túmọ̀ sí lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n gbé òun lé èjìká! Bí wọ́n bá sì ní kí ó gbé nǹkan sílẹ̀, orí ilẹ̀ gan-an ni ó ń gbé e sí.

Donald Triplett yìí dàgbà, ó kàwé gboyè, ó ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó ń wa mọ́tò fúnra rẹ̀. Ẹni ọdún 89 ni nígbà tí ó kú ní 2023. Nítorí náà, kí òbí kankan má ṣe sọ̀rètí nù.

NÍNÚ ILÉ ÀTI NÍNÚ ÌJỌ

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọmọ ń fi ṣíbí lu àwo, ìyá rẹ̀ fi ìbínú wí pé, “Máa ṣe é lọ o!” Ọmọ mìíràn yóò dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tí à ń wí yìí yóò máa lù ú lọ, nítorí ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe ni ó ń ṣe. Ìgbátí ni yóò tẹ̀lé e, kò sì ní mọ ìdí rẹ̀.

A bi í pé, “Ṣé o lè bá mi bu omi wá?” Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” ó sì jókòó síbẹ̀. Ìbéèrè ni a bi í, ó ti dáhùn. Ó dé ilé aládùúgbò, wọ́n ní, “Wá bá wa jẹun o.” Àwa mọ̀ pé “á gba ibi ire” ni ìdáhùn. Òun fọ ọwọ́, ó sì jókòó ti àwo, wọ́n bá pè é ní wọ̀bìà.

Nínú ìjọ ńkọ́? Nígbà tí a bá ń ké pé kí iná sọ̀kalẹ̀, àwa mọ iná tí à ń wí. Ọmọ yìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í wo òrùlé, kí ó di etí, kí ó sì sá jáde. Àwọn kan yóò yára sọ pé ẹ̀mí àìmọ́ ni kò jẹ́ kí ó lè dúró níbi àdúrà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọdé tí ó gbọ́ pé iná ń bọ̀ ni ó ń sá.

Èyí tí ó le jù ni ọ̀rọ̀ ikú. Bí a bá sọ fún un pé ìyá àgbà ti sùn, ó lè máa dúró dè é kí ó jí, tàbí kí ẹ̀rù oorun máa bà á lálẹ́.

ÀPẸẸRẸ OLÚWA WA

Nínú Jòhánù orí 11, Jésù sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn pé Lásárù sùn. Wọ́n rò pé oorun lásán ni, wọ́n ní ara rẹ̀ yóò dá. Olúwa kò bínú, kò sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ gbangba pé Lásárù ti kú. Bí ó bá yẹ kí Olúwa túmọ̀ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ṣé àwa ni kò yẹ?

Damian Milton, ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun náà ní ọ́tísìmù, kọ̀wé ní 2012 pé àìgbọ́ra-ẹni-yé yìí ní apá méjì: bí ọ̀rọ̀ wa kò ṣe yé wọn ni tiwọn náà kò yé wa.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

1. Sọ ohun tí o fẹ́ gan-an: “Bu omi wá fún mi.” “Má lu àwo mọ́.”

2. Bí o bá pa òwe, túmọ̀ rẹ̀. Àwọn olùwádìí ti rí i pé bí èdè ọmọ bá ṣe ń gbòòrò sí i ni àkànlò èdè ń yé e sí i. Ó ṣeé kọ́.

3. Bí ènìyàn bá kú, sọ pé ó kú, kí o tó sọ ìrètí àjíǹde fún un.

4. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ṣàlàyé ariwo àti iná tí a ó pè fún un. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi náà gbọdọ̀ mọ̀.

5. Mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé. Àdúrà kò gbọdọ̀ dúró, ṣùgbọ́n pàṣán kì í ṣe oògùn ọ́tísìmù, bẹ́ẹ̀ ni fífi ebi pa ọmọ kì í ṣe ìtúsílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó rí bákan náà. Àwọn kan kì í sọ̀rọ̀ rárá, àwọn mìíràn a sì máa sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n kí a tó pe ọmọ ní aláìgbọràn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa pé: kí ni ẹnu mi sọ fún un gan-an? Kí Olúwa fún wa ní sùúrù láti sọ odidi ọ̀rọ̀ fún àwọn tí ó nílò rẹ̀. Àmín.