Awakọ̀ Kò Tú Ẹrù, Ṣùgbọ́n Ó Mọ Ẹni Tó Ni Ín

Ẹni tó bá ń tajà ní Grand Marché, ọjà ńlá Treichville ní Abidjan, mọ bí ẹrù ṣe ń dé ìlú Èjìgbò ní Nàìjíríà. Èèyàn á di aṣọ, bàtà àti oògùn ìyá rẹ̀ sínú àpò, á rán ẹnu àpò náà, á kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sí i lára, á sì gbé e fún awakọ̀. Awakọ̀ á gba Ghana, Tógò àti Benin kọjá kó tó wọ Nàìjíríà. Bó bá jẹ́ ọmọlúàbí, kò ní tú ẹrù ẹlẹ́rù. Síbẹ̀, kí ọdún tó yí po, ohun tó ti mọ̀ kò kéré. Ó mọ ọmọ tó ń ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lóṣooṣù. Ó mọ ẹni tó dáwọ́ dúró láti ìgbà tí ọjà kò ti tà mọ́. Ó mọ bàbá tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí ilé méjì, tí ará ilé àkọ́kọ́ kò sì gbọ́ nípa ilé kejì. Kò tú ẹrù kankan o. Ẹni tó ránṣẹ́, ẹni tó gbà á, ọjọ́ tó lọ àti bó ṣe wúwo sí nìkan ló mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ilé-iṣẹ́ fóònù àti ti íntánẹ́ẹ̀tì ṣe mọ̀ wá. Nínú ọjà, ẹ ó máa gbọ́ ọ pé, "Wọ́n ń gbọ́ wa lórí fóònù yìí." Ìbẹ̀rù náà nídìí, àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ń wò kọ́ ni ewu wà jù. Ipasẹ̀ wa ni wọ́n ń kó jọ ju ọ̀rọ̀ ẹnu wa lọ. Ẹ jẹ́ ká tọ ipasẹ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, ká lè mọ ohun tó yẹ ká máa ṣọ́.

Ibi tí ìfura ti bẹ̀rẹ̀

Ìfura loògùn àgbà, àwọn àgbà ọjà Treichville sì ti lo oògùn náà pẹ́. Ní 1990, ìjọba Côte d'Ivoire sọ ọ́ di dandan pé kí àwọn àjèjì máa gbé carte de séjour, ìwé ìgbélùú, àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Anago sì wà lára wọn. Ọdún 2007 ni wọ́n tó gbé ẹrù náà kúrò lórí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS. Ẹni tó gbé ìlú náà ní ọdún mẹ́tàdínlógún yẹn mọ bí ọkàn ṣe ń já nígbà tí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ dúró. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kò ní gbàgbé: káàdì kì í ṣe bébà lásán. Ọwọ́ ẹni tó ń béèrè rẹ̀ ni agbára wà.

Ṣùgbọ́n carte de séjour, èèyàn mọ ìgbà tí wọ́n bá béèrè rẹ̀. Síìmù tó wà nínú fóònù wa, ẹnikẹ́ni kì í béèrè rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́wọ́. Láti oṣù Kejìlá 2011 ni àṣẹ ìjọba ti wà ní Côte d'Ivoire pé kò gbọdọ̀ sí síìmù tí kò ní orúkọ olówó rẹ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà, gbogbo ohun tí síìmù bá ṣe, orúkọ rẹ ló ṣe é.

Bí òpó ṣe ń mọ ibi tí a wà

Fóònù tó bá wà ní títàn kì í dákẹ́. Bí o tilẹ̀ fi í sápò tí o kò pe ẹnikẹ́ni, ó ń ké sí òpó tó sún mọ́ ọn jù: "Mo wà níbí o." Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìpè kò ní mọ ibi tí yóò gbà wá bá ọ. Kò sí ìwà ìkà nínú èyí, bí wọ́n ṣe ṣe fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Bí ìyá aláṣọ kan bá kúrò ní Treichville láàárọ̀, tó gba afárá Houphouët-Boigny kọjá lọ sí báǹkì ní Plateau, òpó kan á máa gbé e fún òpó kejì, bí àwọn ìyá ṣe ń gba ọmọ tuntun lọ́wọ́ ara wọn níbi ìkómọ. Ọmọ kò bọ́ sílẹ̀ nígbà kankan.

Nọ́ńbà méjì ni òpó ń rí. Àkọ́kọ́ ni ti síìmù. Èkejì ni ti fóònù fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní IMEI: tẹ *#06#, wàá rí i, nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ síìmù kí wọ́n má bàa mọ̀ ọ́n, tó sì ń lo fóònù kan náà, aṣọ ló pààrọ̀, ojú kan náà ló gbé wọ ọjà. Bí o bá wá pe èèyàn, ilé-iṣẹ́ rẹ, yálà Orange, MTN tàbí Moov, á kọ ọ́ sílẹ̀: ẹni tó pè, ẹni tí wọ́n pè, ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó, òpó tí ìpè gbà kọjá. Ìwé awakọ̀ nìyẹn.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2013, ayé rí bí ìwé náà ṣe níyelórí tó. Ìwé ìròyìn The Guardian gbé àṣírí kan jáde láti ọ̀dọ̀ Edward Snowden, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti ṣiṣẹ́ fún NSA, àjọ tó ń ṣọ́ ìbánisọ̀rọ̀ fún ìjọba wọn. Ilé-ẹjọ́ kan tó ń jókòó ní ìkọ̀kọ̀ ti pàṣẹ fún ilé-iṣẹ́ fóònù Verizon pé kó máa kó àkọsílẹ̀ ìpè àwọn oníbàárà rẹ̀ fún NSA lójoojúmọ́. Àṣẹ náà kò béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni sọ. Nọ́ńbà, àsìkò àti iye ìṣẹ́jú ló béèrè. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ PRISM jáde, ètò tí NSA fi ń gba dátà láti ọ̀dọ̀ Google, Facebook, Microsoft, Apple àti àwọn mìíràn. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ní àṣẹ òfin nìkan làwọn ń tẹ̀ lé. Ohun tó yé gbogbo ayé nígbà náà ni pé ìjọba kò nílò láti máa tọ èèyàn lẹ́yìn mọ́ bí ilé-iṣẹ́ kan bá ti kọ ipasẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ dè é.

Owó tó ń rántí

Ọdún 2008 ni Orange Money, ètò owó orí fóònù, bẹ̀rẹ̀ ní Côte d'Ivoire, kó tó dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn. Nígbà tí Wave wọlé ní 2021 pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́ tó kéré, ọ̀pọ̀ oníṣòwò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti gbé owó sínú ìró sùn rí mọ oore tí fóònù ṣe fún wa.

Ṣùgbọ́n owó náà ti yí ìwà padà. Bí oníbàárà bá ka 25,000 franc sí ìyá aláṣọ lọ́wọ́, àwọn méjèèjì àti Ọlọ́run ló mọ̀. Bó bá fi fóònù san án, àkọsílẹ̀ wà: orúkọ méjì, iye owó, wákàtí. Kó àkọsílẹ̀ ọdún kan jọ, wàá mọ oṣù tí ọjà ìyá náà ń tà, ẹni tó ń kó ọjà fún un, ọmọ tó ń sanwó ilé-ìwé fún, àti ọjọ́ tó rẹ̀ ẹ́ tí kò ṣí ìsọ̀.

Ẹnì kan á ní, "Ṣebí alájọ náà ń kọ̀wé?" Òótọ́ ni. Alájọ ń ṣàmì sí káàdì, ó mọ ẹni tó ń dá àti ẹni tí kò dá. Yorùbá sì ń yin orí alájọ Ṣómólú títí dòní, tí wọ́n ní ó fi ọdún mẹ́ta gba owó àjọ láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tó sì san án fún kálukú láìṣì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé alájọ mọ̀ ọ́, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. O mọ ilé rẹ̀. Bó bá ṣe ohun tí kò tọ́, wàá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ wá wo bó ṣe ń rí níwájú àwọn ìsọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní cabine, níbi tí wọ́n ti ń fi owó ránṣẹ́. Ká ní ìyá aláṣọ wa dé ibẹ̀, ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ sì gba káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ó na fóònù tara rẹ̀ sí i.

"Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi àwòrán káàdì mi ṣe?"

"Màmá, ẹ má bínú. Bí wọ́n ṣe ní ká máa ṣe é nìyẹn."

"Ta ni wọ́n?"

Ọmọ náà wò yíká, kò rí ẹni tó lè nàka sí. Ìbéèrè ìyá yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí. Wọ́n mọ orúkọ ìyá, ojú rẹ̀, owó rẹ̀ àti ọ̀nà tó ń rìn. Òun kò mọ ẹni tí "wọ́n" jẹ́.

Ṣé fóònù ń gbọ́ wa ni?

Ìyá méjì jókòó láàárọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ léèsì ìgbéyàwó. Nígbà tó di alẹ́, ọ̀kan ṣí Facebook, léèsì ló ń rí. Ó fi fóònù sílẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Kò sí ẹ̀rí tó fìdí múlẹ̀ pé Facebook ń fetí sí ọ̀rọ̀ wa láti fi polówó ọjà. Mark Zuckerberg fúnra rẹ̀ sẹ́ ẹ níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹrin 2018. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ló yẹ kó kan wa. Ó ṣeé ṣe kí ìyá kejì ti wá léèsì náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lánàá. Púpọ̀ nínú ojúlé tó ń tajà ló ní àmì kékeré kan tí ojú kì í rí, tó ń ròyìn fún Facebook pé lágbájá wo ọjà báyìí. Nọ́ńbà àwọn méjèèjì wà nínú fóònù ara wọn, fóònù méjèèjì sì lè lo íntánẹ́ẹ̀tì kan náà. Ẹni tó mọ gbogbo ìyẹn kò nílò etí.

WhatsApp ńkọ́? Láti 2016 ni wọ́n ti ti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pa, tó fi jẹ́ pé fóònù ẹni tó ránṣẹ́ àti ti ẹni tó gbà á nìkan ló lè ṣí i. Ìyẹn dáa gan-an. Ṣùgbọ́n Facebook ló ra WhatsApp ní 2014, ní bílíọ̀nù 19 dọ́là, ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí o bá a sọ ọ́ kò sì sí lábẹ́ àgádágodo yẹn. A tún padà sọ́dọ̀ awakọ̀ tí kò tú ẹrù.

Ìgbà tí wọ́n bá tú ẹrù

Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n ń tú u. Ní 2019, wọ́n gba ihò kan nínú WhatsApp wọ fóònù àwọn ọmọ Tógò kan pẹ̀lú Pegasus, irinṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ NSO ní Ísírẹ́lì ṣe, tí wọ́n ní ìjọba nìkan làwọn ń tà á fún. Citizen Lab, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Toronto, ròyìn ní oṣù Kẹjọ 2020 pé bíṣọ́ọ̀bù kan, àlùfáà Kátólíìkì kan àti olóṣèlú alátakò méjì wà lára àwọn tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ. Irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n púpọ̀, wọn kì í ná an sórí aláṣọ lásán. Ẹni tó ń gbẹnu sọ fún aláṣọ ni wọ́n ń ná an lé, ìdí nìyẹn tó fi kan aláṣọ.

Ìpalára tó sún mọ́ wa jù ni ti àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù. Ní Nàìjíríà, àwọn kan á kọ́kọ́ ní kí o jẹ́ káwọn wo orúkọ àti nọ́ńbà tó wà nínú fóònù rẹ. Bí owó bá pẹ́, wọ́n á ránṣẹ́ sí àna rẹ, pásítọ̀ rẹ tàbí ọ̀gá rẹ pé olè ni ọ́. Ní oṣù Kẹta 2022, FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, pẹ̀lú àwọn àjọ mìíràn ya wọ ọ́fíìsì irú wọn ní Ìkẹjà. Ẹ kíyè sí i: nọ́ńbà àna rẹ kì í ṣe tìrẹ láti fi dúró gbèsè. Bí o bá fún wọn, ẹrù ẹlẹ́rù lo tú.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

Òfin wà. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà 2013, ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn àṣírí Snowden, Côte d'Ivoire ṣe òfin 2013-450 láti dáàbò bo dátà èèyàn. Ó fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ kan ní nípa rẹ, láti ní kí wọ́n tún èyí tó ṣì ṣe, àti láti kọ̀ fún wọn láti lò ó bí o bá ní ìdí tó tọ́. Àjọ ARTCI ni wọ́n fi ṣe alábòójútó rẹ̀. Òfin sì lè mú alágbára: ní oṣù Keje 2024, FCCPC bu ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp, nítorí bó ṣe lo dátà àwọn ọmọ Nàìjíríà. Meta pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ṣùgbọ́n ìtanràn náà dúró ní oṣù Kẹrin 2025.

Nínú ilé tiwa, ohun díẹ̀ wà tí a lè ṣe lónìí. Má fi orúkọ rẹ gba síìmù fún ẹlòmíràn, ìwà rẹ̀ á di tìrẹ. Ṣí ètò inú fóònù rẹ, kí o wo ohun tí áàpù kọ̀ọ̀kan ń lò: tọ́ọ̀ṣì kò nílò nọ́ńbà àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, eré ọmọdé kò nílò ibi tí o wà. Gba ohun tí wọn kò nílò kúrò lọ́wọ́ wọn. Fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ẹlẹ́yọ mẹ́fà ti WhatsApp rẹ. Bí o bá fẹ́ pa síìmù kan tì, kọ́kọ́ yọ owó àti WhatsApp rẹ kúrò lórí rẹ̀, torí ilé-iṣẹ́ lè ta nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn lọ́la.

Kò sí èyí tó sọ pé ká ju fóònù nù. A kò ju awakọ̀ Èjìgbò nù nítorí pé ó mọ̀ wá. A ń gbé ẹrù fún un torí pé a mọ ilé ìyá rẹ̀, òun náà sì mọ̀ pé a mọ̀ ọ́n. Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá àti ìjọba nìyẹn: kí ẹni tó mọ ilé wa jẹ́ kí àwa náà mọ ilé tirẹ̀. Títí wọn ó fi dáhùn, ẹ ṣe bíi ti ìyá aláṣọ wa. Ẹ gba káàdì yín padà, ẹ dúró níwájú cabine, kí ẹ sì béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i: "Ta ni wọ́n?"