Wọ́n kó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn lọ sílùú mìíràn, inú ṣì ń bí wọn títí dòní

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹsàn-án, ọdún 2017, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Milton Keynes Dons, tí àwọn èèyàn ń pè ní MK Dons, wá sí London láti wá bá ẹgbẹ́ AFC Wimbledon gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje líìgì. Ohun tí àwọn onílé ṣe lọ́jọ́ náà ya àwọn tí kò mọ ìtàn wọn lẹ́nu. Nínú ìwé tí wọ́n tà fún àwọn òǹwòran, àti lára pátákó tí wọ́n ń kọ iye góòlù sí, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà, "Dons", kúrò nínú orúkọ àlejò wọn. Inú àjọ tó ń darí líìgì náà kò dùn sí i, wọ́n sì fẹ̀sùn kan AFC Wimbledon. Ọdún 2018 ni wọ́n tó jọ yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè fa irú ìjà bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa ló sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Inú orúkọ àdúgbò Wimbledon ni wọ́n ti yọ "Dons" jáde. Ní tiwọn, ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ yẹn ní Milton Keynes, orúkọ olórúkọ ló gbé wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orúkọ nìkan ni wọ́n gbé lọ. Gbogbo ẹgbẹ́ náà ni wọ́n kó, bí ìgbà tí wọ́n bá kó ọjà lọ́jọ́ ọjà tí wọn kò sọ fún àwọn ìyálọ́jà.

Ẹgbẹ́ tó na Liverpool

Ọdún 1889 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Wimbledon sílẹ̀ ní gúúsù London. Odindi ọdún 88 ni wọ́n fi ń bá àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké gbá bọ́ọ̀lù, kó tó di ọdún 1977 tí wọ́n gbà wọ́n sínú líìgì àgbà. Nígbà tó fi máa di ọdún 1986, wọ́n ti dé ìpele tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọjọ́ 14, oṣù karùn-ún, ọdún 1988, wọ́n kojú Liverpool ní Wembley nínú àṣekágbá ìdíje Ife FA. Liverpool ni ọ̀gá gbogbo wọn nígbà náà, kò sì sí ẹni tó rò pé Wimbledon lè rí nǹkan kan mú bọ̀. Ṣùgbọ́n Lawrie Sanchez fi orí kan bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, aṣọ́lé wọn, Dave Beasant, gbá pẹ́nárítì tí John Aldridge gbá dànù, Wimbledon sì fi góòlù kan sí òdo gba ife náà. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn lọ́jọ́ náà ni John Fashanu, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ agbẹjọ́rò ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ àgbà tó ń ka ojú ìwé yìí ni yóò rántí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe di ayálégbé

Pápá kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Plough Lane ni ilé wọn. Ní ọdún 1989, àjálù ṣẹlẹ̀ ní pápá Hillsborough ní ìlú Sheffield, nígbà tí èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, tí èèyàn 97 sì bá a lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba ní kí gbogbo ẹgbẹ́ tó wà ní ìpele òkè ṣe àga sí gbogbo ibi tí òǹwòran ń dúró sí. Àwọn tó ni Wimbledon ní kò ṣeé ṣe ní Plough Lane. Ní ọdún 1991, wọ́n kó ẹgbẹ́ náà lọ sí Selhurst Park, pápá ẹgbẹ́ Crystal Palace, láti máa yá a lò fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ yẹn di ọdún 12. Ní ọdún 1998, wọ́n ta ilẹ̀ Plough Lane fún ilé ìtajà ńlá kan.

Àárín àsìkò yìí ni owó tẹlifíṣàn dé. Ní ọdún 1992, wọ́n dá Premier League sílẹ̀, iléeṣẹ́ Sky àti BBC sì fọwọ́ sí àdéhùn mílíọ̀nù 304 pọ́n-ùn fún ọdún márùn-ún. Wimbledon wà lára ẹgbẹ́ 22 tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 26, oṣù kìíní, ọdún 1993, nígbà tí Everton wá bá wọn ní Selhurst Park, èèyàn 3,039 péré ló wá wòran. Láti ìgbà náà, kò tíì sí ìdíje Premier League tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún èrò tí èrò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ náà kò kú, wọ́n wà ní ìpele òkè títí di ọdún 2000. Ibẹ̀ ni àwọn alátìlẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Bí owó tẹlifíṣàn bá lè bọ́ ẹgbẹ́ tí àga rẹ̀ ṣófo, ó lè dé ọjọ́ kan tí olówó ẹgbẹ́ yóò rò pé òun kò nílò àwọn ará àdúgbò mọ́.

Ọjọ́ náà sì dé. Wimbledon já sí ìpele kejì ní ọdún 2000, owó tẹlifíṣàn tó ń wọlé sì dín kù gidigidi. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 2001, alága wọn, Charles Koppel, kéde pé àwọn fẹ́ kó ẹgbẹ́ náà lọ sí Milton Keynes. Ìlú tuntun tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967 ni Milton Keynes, kò sì ní ẹgbẹ́ kankan nínú líìgì. Ọ̀gbẹ́ni Pete Winkelman, oníṣòwò orin kan níbẹ̀, ń wá ẹgbẹ́ tí yóò máa gbá bọ́ọ̀lù ní pápá tuntun tí àwọn ilé ìtajà ńláńlá yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Líìgì kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́, wọ́n gbé e síwájú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta. Ní ọjọ́ 28, oṣù karùn-ún, ọdún 2002, ẹni méjì nínú wọn ní kí wọ́n máa lọ, ẹnì kan kọ̀. Ìgbìmọ̀ náà tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìdájọ́ wọn pé bí àwọn alátìlẹ́yìn bá lọ dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kò ní ṣe bọ́ọ̀lù lápapọ̀ láǹfààní. Ọ̀rọ̀ yìí dùn wọ́n ju ìdájọ́ náà lọ.

Milton Keynes tó nǹkan bíi kìlómítà 90 sí Wimbledon. Kí ẹ fi wé e, ó dà bí ẹni pé olówó kan jí lówùúrọ̀, ó ní Shooting Stars kì í ṣe ti Ìbàdàn mọ́, pé Òṣogbo ni yóò máa gbé, kí ẹni tó bá fẹ́ wò wọ́n wọ mọ́tò.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀

Àwọn alátìlẹ́yìn kò dúró sunkún. Kò tíì pé oṣù kan ààbọ̀ tí ìdájọ́ náà jáde tí wọ́n fi ní ẹgbẹ́ tuntun, AFC Wimbledon. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹfà, ọdún 2002, wọ́n ní kí ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá wá sí orí pápá gbangba Wimbledon Common fún ìdánwò, nǹkan bí igba ó lé ọgbọ̀n ọ̀dọ́kùnrin sì yọjú. Ní ọjọ́ 10, oṣù keje, wọ́n bá Sutton United gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn àkọ́kọ́, góòlù mẹ́rin sí òdo ni wọ́n fi nà wọ́n. Síbẹ̀, àwọn tó wá wo ìnà náà lé ní 4,600. Lọ́dún yẹn kan náà, ìgbà kan wà tí èrò tó wo ẹgbẹ́ àtijọ́ ní Selhurst Park kò pé 1,000.

Ìpele kẹsàn-án ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù kejì, ọdún 2003, sí oṣù kejìlá, ọdún 2004, wọ́n gbá ìdíje líìgì 78 láìsí ẹni tó nà wọ́n. Àwọn alátìlẹ́yìn ló ni ẹgbẹ́ náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní ìbò kan, ìbáà jẹ́ olówó, ìbáà jẹ́ mẹ̀kúnnù. Ní ọdún 2011, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n ti gòkè padà sínú líìgì àgbà.

Ẹgbẹ́ àtijọ́ dé Milton Keynes ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2003, lẹ́yìn tí gbèsè ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Winkelman gbà á, ní ọdún 2004 ó sì yí orúkọ àti àmì rẹ̀ padà. Ní ọdún 2007, wọ́n gbà láti dá àwọn ife ẹ̀yẹ àtijọ́ padà fún ìjọba ìbílẹ̀ Merton, níbi tí Wimbledon wà. Ife padà sílé, ṣùgbọ́n inú kò rọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì kọ́kọ́ pàdé, ní ọjọ́ 2, oṣù kejìlá, ọdún 2012, tí MK Dons sì fi góòlù méjì sí ẹyọ kan borí, àwọn alátìlẹ́yìn Wimbledon kan kọ̀ láti lọ, wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn kò ní tẹ ibẹ̀. Yorùbá ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọmọ wa wà lọ́tùn-ún, ọmọ wa wà lósì

Ó yẹ kí á sọ ti apá kejì náà. Adébáyọ̀ Akinfenwa, ọmọkùnrin sìgbọnlẹ̀ tí wọ́n bí ní London fún òbí ọmọ Nàìjíríà, ló gbá góòlù tí AFC Wimbledon fi kọ́kọ́ borí MK Dons, góòlù mẹ́ta sí méjì, ní oṣù kẹwàá, ọdún 2014. Òun náà ló gbá pẹ́nárítì wọlé ní Wembley ní ọdún 2016, nígbà tí wọ́n na Plymouth, tí wọ́n sì gòkè sí ìpele kẹta.

Ṣùgbọ́n Bámidélé Alli, tí ayé mọ̀ sí Dele Alli, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Milton Keynes ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1996. Ọdọ̀ MK Dons ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù láti kékeré, ó sì wà nínú ikọ̀ tó fi góòlù mẹ́rin sí òdo na Manchester United ní oṣù kẹjọ, ọdún 2014. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sí Tottenham, tó sì gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú Ife Àgbáyé ọdún 2018. Ta ni yóò wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lójú, kó sọ fún un pé ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ kì í ṣe ti ìlú rẹ̀? Àwọn tó tọwọ́ bọ̀wé ló jẹ̀bi, kì í ṣe àwọn ọmọ tó bá a nílẹ̀.

Ilé làbọ̀ sinmi oko

Ní ọjọ́ 3, oṣù kọkànlá, ọdún 2020, AFC Wimbledon padà sí Plough Lane, ní pápá tuntun tí kò jìnnà sí ibi tí ti àtijọ́ wà. Àwọn alátìlẹ́yìn fúnra wọn ló yá ẹgbẹ́ náà ní owó tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn láti fi kọ́ ọ. Àmọ́ àrùn kòrónà wà nílùú, ilẹ̀kùn wà ní títì. Àwọn tó ti ń retí ọjọ́ náà láti ọdún 29, orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti wo ẹgbẹ́ wọn bó ṣe gbá ọ̀mì góòlù méjì sí méjì pẹ̀lú Doncaster.

Ìgbà náà gan-an ni àwọn alátìlẹ́yìn Premier League ń bá tẹlifíṣàn jà. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ wo àwọn ìdíje kan san pọ́n-ùn 14.95 lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn alátìlẹ́yìn Newcastle àti àwọn mìíràn kọ̀, wọ́n kó owó náà fún àwọn tó ń pín oúnjẹ fún aláìní. Kò pẹ́ tí wọ́n fi wọ́gi lé owó náà.

Òfin kan tún wà níbẹ̀ láti bí ọgọ́ta ọdún, pé tẹlifíṣàn kò gbọdọ̀ ṣàfihàn bọ́ọ̀lù ní tààràtà láàrin aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú 15 sí aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 15 lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí àwọn èèyàn lè lọ wo ẹgbẹ́ àdúgbò wọn. Nítorí náà, ìdíje tí ará London kò lè wò nílé rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, ọmọ wa ní Ìsẹ́yìn tàbí Ìkirè lè sanwó wò ó ní ilé ìwòran. Kò sí ẹni tó fi irú òfin bẹ́ẹ̀ dáàbò bo Adamásìngbà, níbi tí Shooting Stars, ẹgbẹ́ tó gba ife Áfíríkà ní ọdún 1976 àti 1992, ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Kò sí ẹni tó kó Shooting Stars kúrò ní Ìbàdàn. Àwa gan-an ni tẹlifíṣàn kó kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Ní oṣù keje, ọdún 2025, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di òfin pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kankan kò gbọdọ̀ fi pápá ilé rẹ̀ sílẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ olómìnira tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún un, àti pé wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn àwọn alátìlẹ́yìn kí wọ́n tó yí àmì tàbí àwọ̀ aṣọ wọn padà. Ọdún 23 lẹ́yìn ìdájọ́ ẹni méjì sí ẹnì kan ni òfin náà dé. Ẹni tó bá ń sọ pé kí àwọn ará Wimbledon gbàgbé, kó wo òfin yìí dáadáa. Bí wọ́n bá ti gbàgbé ni, bóyá kò bá tí sí i.