Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń to ìtọ́kasí, àti bí orúkọ wa ṣe lè sọnù níbẹ̀

Ẹni tó bá ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ nípa Benson Street ní Monrovia kò ní pẹ́ kan Stephen Allen Benson, tó jẹ ààrẹ Làìbéríà láti 1856 sí 1864. Ó ṣeé ṣe kó tọ́ka sí ìwé Liberia: History of the First African Republic, tí C. Abayomi Cassell kọ, tó jáde ní 1970. Báwo ni yóò ṣe kọ orúkọ òǹkọ̀wé náà?

Ìlànà APA, ti àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, yóò ní kó kọ “Cassell, C. A. (1970)”. MLA, tí àwọn onímọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ń lò, yóò ní “Cassell, C. Abayomi”, ọdún yóò sì wà lẹ́yìn. Ní ti IEEE, ìlànà àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, nọ́ńbà ni wọ́n ń fi tọ́ka.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà máa fọwọ́ tún gbogbo rẹ̀ tò ni Oren Patashnik ṣe ṣe BibTeX ní 1985 fún àwọn tó ń fi ètò kọ̀ǹpútà LaTeX tẹ̀wé. Òǹkọ̀wé á kọ orúkọ, àkọlé àti ọdún sínú fáìlì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fáìlì mìíràn ló ń pinnu bí wọn yóò ṣe hàn. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti ṣe ìlànà tuntun fún BibTeX. Lónìí, CSL, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ ìlànà ìtọ́kasí, ti mú un rọrùn: ìlànà tó lé ní 10,000 wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ètò kọ̀ǹpútà bíi Zotero, Pandoc àti Typst sì lè kà wọ́n.

Èdè Yorùbá tún ní ìṣòro tirẹ̀. BibTeX ti wà kí Unicode tó dé, nítorí náà Ẹ, Ọ àti Ṣ máa ń dà á láàmú. Ṣùgbọ́n Biber, ètò mìíràn tí wọ́n ń lò pẹ̀lú biblatex nínú LaTeX, mọ̀ wọ́n. Tí a bá sọ fún un pé Yorùbá ni, yóò to Gíwá ṣáájú Gbàdàmọ́sí, bí álífábẹ́ẹ̀tì wa ṣe wí.

Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ òǹkọ̀wé sílẹ̀ ní kíkún, pẹ̀lú gbogbo àmì tó fi sí i. APA lè gé Abayomi kù sí A, àmọ́ MLA yóò tún rí i lò lọ́la. Tó bá jẹ́ “C. A.” nìkan lẹ kọ sílẹ̀, kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó lè mọ̀ pé Abayomi ni. Kí àwọn yunifásítì wa náà gbé ìlànà tiwọn jáde ní CSL, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lo àkókò rẹ̀ fún ìwádìí.