Ọgbà Tó Ń Rúwé

Ẹni tó bá dúró lórí Mont Pinçon, ní gúúsù ìlú Caen, tó sì wo ilẹ̀ Normandy lọ réré, igbó ló máa pè é. Kì í ṣe igbó. Pápá màlúù ni, oko ápù ni, àmọ́ ọgbà igi tó wà láàárín wọn pọ̀ débi pé wọ́n ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òkè náà kò ju nǹkan bíi mítà 360 lọ, síbẹ̀ òun ló ga jù ní gbogbo ẹkùn Calvados. Ilẹ̀ ibẹ̀ á gòkè díẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, odò kékeré kan á gba ìsàlẹ̀ kọjá, ilẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Apá kan lẹ́bàá odò Orne ni wọ́n ń pè ní Suisse Normande, bí ẹni pé Switzerland ló tún wà níbẹ̀. Àsọdùn ni. Ẹni tó bá ti rí òkè Alps rí á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó bá dé ibi àpáta Oëtre, tó ga tó mítà 118 lókè odò Rouvre, tó wá yọjú wo ìsàlẹ̀, ẹ̀rín náà á pa mọ́ ọn lẹ́nu.

Bocage ni àwọn Faransé ń pe irú ilẹ̀ olọ́gbà bẹ́ẹ̀. Ó wà ní Bretagne, ó wà ní Vendée àti Mayenne, àmọ́ ní Normandy ni ọgbà igi, oko ápù àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti so kọ́ra jù. Àwa náà mọ ọgbà tó ń hù: àwọn baba wa ń fi pèrègún pààlà ilẹ̀, wọ́n sì ń gbin lápálápá yí oko ká kí ewúrẹ́ má bàa wọlé. Ti Normandy ju ìlà igi kan lọ. Yàrà ni wọ́n kọ́kọ́ wà, wọ́n wá kó erùpẹ̀ inú rẹ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó di ebè gbọọrọ tó lè ga tó ènìyàn. Orí ebè yìí ni wọ́n gbin igi sí, tí gbòǹgbò wọn fi lọ́ mọ́ra tí ilẹ̀ náà sì le bí ògiri. Màlúù kò lè là á kọjá. Atẹ́gùn láti orí òkun á dín kù níbẹ̀, omi òjò tó ń sáré bọ̀ láti orí òkè á sì pàdé ebè, á rọra mu wọlẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọgbà yìí dáadáa, kó kọ́kọ́ mọ ẹ̀gún méjì. Prunellier ni ti àkọ́kọ́. Èèpo rẹ̀ dúdú, nígbà tó bá sì di nǹkan bí oṣù kẹta, kó tó yọ ewé kan ṣoṣo, òdòdó funfun á ti bò ó láti òkè délẹ̀. Bí ti prunellier bá rẹ̀ dànù tán, aubépine á gbà á: tirẹ̀ á kọ́kọ́ rúwé ná kó tó wá tanná nínú oṣù karùn-ún. Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ló ń fi ọ̀kan pe èkejì, bẹ́ẹ̀ ewé ló ti sọ gbogbo rẹ̀. Èso prunellier dà bí aró, ó sì kan débi pé ó ń fa ahọ́n. Àwọn àgbà ibẹ̀ kì í já a àfìgbà tí òtútù tó ń dì bá ti bà á, tó sì rọ̀. Ti aubépine pupa, àwọn ẹyẹ ló ń fi í la ìgbà òtútù já.

Òdòdó aubépine yìí ni wọ́n ń rẹ sínú omi gbígbóná mu kí àyà tó ń lù kìkì lè rọ̀. Ìgbàgbọ́ ayé àtijọ́ tún ni pé ẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n fi hun adé ẹ̀gún Jésù, nítorí náà ààrá kò gbọdọ̀ sán lù ú, àgbẹ̀ á sì fi ẹ̀ka rẹ̀ há ilé àti àká. Ní Saint-Mars-sur-la-Futaie, ní Mayenne, aubépine kan wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn ará ìlú gbà pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún dáadáa. Wọ́n ti fi òpó gbé e ró.

Àwọn igi ńlá, bí óákù àti frêne, ló ń yọrí lókè ẹ̀gún. Àwọn àgbẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n dàgbà bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n á bẹ́ orí igi náà ní ìwọ̀n tó ga ju ènìyàn lọ díẹ̀, á yọ ẹ̀ka tuntun, wọ́n á sì tún padà wá gé e lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n ti ń gé e tí ó ń jinná, orí náà á wú, á rí kókókó; ní Perche, trogne ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ẹwà ni wọ́n ń wá. Àgbẹ̀ tó ń ro ilẹ̀ kọ́ ló sábà ni ín, ńṣe ló yá a lọ́wọ́ onílẹ̀, àṣà sì ni pé onílẹ̀ ló ni ara igi, àgbẹ̀ ló ni ẹ̀ka. Onílẹ̀ ń retí pákó, àgbẹ̀ ń wá igi ìdáná. Àdéhùn wọn ló wà lára igi títí dòní, ẹni tó mọ̀ ọ́n lè kà á láti ojú ọ̀nà.

Igi tí wọ́n ń gé lórí báyìí, inú rẹ̀ á jẹrà, á di ihò. Òwìwí kékeré á sọ ibẹ̀ di ilé. Kòkòrò dúdú kan tí wọ́n ń pè ní pique-prune náà ń gbé ibẹ̀, igi jíjẹrà sì ni ìdin rẹ̀ ń jẹ. Ẹni tó rí i kò ní í kà á sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ òun ló dá ọ̀nà márosẹ̀ A28 dúró láàárín Le Mans àti Tours. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù dáàbò bò ó, iṣẹ́ ọ̀nà náà falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì di 2005 kí wọ́n tó ṣí i tán.

Àárín ọgbà méjì ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Bàtà, ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù ti tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ láti ayébáyé, òjò sì ń gbá a lọ, tí ọ̀nà fi rì wọlẹ̀ tí gbòǹgbò igi fi wà ní ìwọ̀n ojú ẹni tó ń rìn. Ẹ̀ka á pàdé lókè. Nígbà ooru, ibẹ̀ tutù. Lẹ́yìn òjò, ẹrọ̀fọ̀ lè gba bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni. Ojú ọ̀nà kì í pòórá mọ́ ẹni tó bá lajú: ìlà funfun lórí ìlà pupa, tí wọ́n fi ọ̀dà fà sára igi tàbí òkúta, ni àmì ọ̀nà jíjìn tí wọ́n ń pè ní GR. Bí ìlà méjèèjì bá dábùú ara wọn, padà sẹ́yìn. Ìlà ọlọ́dà ofeefee jẹ́ ti ìrìn kúkúrú tó lè parí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọgbà wọ̀nyí kò dùn mọ́ gbogbo ẹni tó gba ibẹ̀ kọjá. Nínú oṣù keje ọdún 1944, inú wọn ni ogun há sí. Ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tó bá gun ebè á gbé ikùn sókè, ibi tí irin rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù, ìbọn àwọn Jámánì á sì ti dúró dè é lódìkejì. Sájẹ́ńtì kan tó ń jẹ́ Curtis Culin ló gba àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà: eyín irin ni wọ́n jó mọ́ iwájú ọkọ̀, tó ń fi gún ebè náà la já. Irin ìdènà tí àwọn Jámánì rì sí etíkun ni wọ́n gé fi ṣe é.

Kí a padà sí ọ̀rọ̀ ápù. Oko ápù àtijọ́ ní Pays d'Auge kì í ṣe ti igi kúkúrú tó tò bí ọmọ ilé-ìwé. Igi gíga ni, tó jìnnà síra, kí màlúù lè jẹko lábẹ́ rẹ̀ láìkan ẹ̀ka. Màlúù Normandy, tí àwọ̀ dúdú tàbí pupa yí ojú rẹ̀ ká bí awò, ló ń mú wàrà tí wọ́n fi ń ṣe wàràkàṣì Camembert, Livarot àti Pont-l'Évêque jáde. Má ṣe já ápù ibẹ̀ jẹ. Ó kéré, ó korò, wàá tu ú dànù. Ọtí ni wọ́n gbìn ín fún. Wọ́n á kó o nílẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kejìlá, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fún un, omi rẹ̀ á kan di cidre. Èyí tí wọ́n bá tún gbé kaná di ògógóró ápù, Calvados ni, ó sì gbọ́dọ̀ pẹ́ tó ọdún méjì nínú àgbá óákù kí wọ́n tó tà á. Nígbà òtútù tí ewé bá wọ́ tán, àfòmọ́ nìkan ló ń tutù lórí igi ápù, bí ìdì kóríko roboto. Ẹyẹ ló ń gbé kóró rẹ̀ kiri. Olóko kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó ń mu ẹ̀jẹ̀ igi, àmọ́ tí ọdún tuntun bá kù sí dẹ̀dẹ̀ wọ́n á gé e lọ sọ́jà, ará ìlú á sì rà á so mọ́ ẹnu ọ̀nà fún oríire.

Láti 1950 wá, nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ọgbà igi ilẹ̀ Faransé ló ti lọ. Ìjọba ló tún ilẹ̀ pín, tí wọ́n da oko wẹ́wẹ́ pọ̀ di ńlá, kí katakata lè rí ààyè yí. Mi ò lè bú àwọn àgbẹ̀ ìgbà náà: ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ wà ní ogún ojú kan, tí kò sí èyí tó fẹ̀, kò ní í sunkún ẹ̀gún. Ẹ̀yìn tí ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ojú títì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka iye ohun tí ebè ń dá dúró. Ní 2023, ìjọba gbé ètò kalẹ̀ pé kí ọgbà igi fi 50,000 kìlómítà lé sí i kó tó di 2030.

Gbígbìn kọ́ ló ṣòro. Ọgbà tí ẹnikẹ́ni kò gé mọ́, igi rẹ̀ á ga, ìsàlẹ̀ á ṣófo, màlúù á sì jáde. Èyí tí ẹ̀rọ bá ń fá lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún náà á rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń fẹ́ ẹni tó mọ ibi tí ayùn yẹ kó bà. Láti àárín oṣù kẹta sí àárín oṣù kẹjọ, àgbẹ̀ tó ń gba owó ìrànwọ́ Yúróòpù kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, nítorí ẹyẹ ń yé. Nítorí náà, bí ọgbà bá ya bo ọ̀nà nínú oṣù kẹfà tí ẹ̀gún ń fa aṣọ ya, kì í ṣe pé olóko ya ọ̀lẹ. Ẹ bá ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá.