Ìwé Láìsí Òwò Kò Tó: Bí Ọmọ Yunifásítì Ṣe Lè Múra Sílẹ̀ fún Òwò Ilẹ̀ Òkèèrè

Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ló ní ìtàn kan tí wọ́n máa ń sọ nípa Gánà. Ní November 1969, ìjọba orílẹ̀-èdè náà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló wà níbẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n wá láti àwọn ìlú bí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Èjìgbò. Ọjọ́ ti pẹ́ táwọn kan ti ń tajà ní Accra, Kumasi àti Tamale. Wọ́n mọ òwò. Wọ́n gbọ́ èdè ìlú. Àwọn oníbàárà fọkàn tán wọn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ò ní ìwé, torí náà wọ́n fi ọjà àti owó táwọn èèyàn jẹ wọ́n sílẹ̀ lọ.

Lónìí, ọ̀rọ̀ ti yí pa dà. Ọmọ wa lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì, ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ètò ọrọ̀ ajé tàbí iṣẹ́ òwò, ó sì gba ìwé ẹ̀rí tó dáa. Síbẹ̀, kò tíì fojú ara ẹ̀ rí ìwé tí wọ́n fi ń kó ẹrù jáde ní èbúté, kò sì tíì bá ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì dúnàádúrà rí. Ọ̀pọ̀ bàbá wa ní òwò, wọn ò ní ìwé. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní ìwé, wọn ò ní òwò. Ó dá wa lójú pé ìdílé lè ṣe nǹkan nípa ẹ̀ kí ọmọ tó jáde nílé ìwé.

Ọ̀nà ti ṣí, àmọ́ ó ní òfin

Láti January 1, 2021 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo àdéhùn òwò ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní AfCFTA. Accra ni oríléeṣẹ́ rẹ̀ wà. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí owó ibodè dín kù lórí ọ̀pọ̀ ọjà tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀ Áfíríkà. Àmọ́ ẹ̀dínwó yẹn kì í ṣe fún gbogbo ọjà tó bá kàn gba ibodè kọjá. Ẹni tó ni ọjà gbọ́dọ̀ ní ìwé tó jẹ́rìí sí i pé ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti ṣe é lóòótọ́.

Bákan náà, òfin ECOWAS gba ọmọ Nàìjíríà láyè láti lo 90 ọjọ́ ní Benin, Tógò tàbí Gánà láìgba físà. Àmọ́ tó bá ti kọjá ibodè Sẹ̀mẹ̀, èdè Faransé ló máa gbọ́, owó sẹ́fà ló máa ná, òfin òwò ibẹ̀ sì yàtọ̀. Benin, Tógò àti Côte d'Ivoire wà lára orílẹ̀-èdè 17 tó jọ ń lo òfin òwò kan náà, ìyẹn OHADA. Nàìjíríà ò sí lára wọn. Ǹjẹ́ ọmọ yín mọ̀ bẹ́ẹ̀?

Èdè ni kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́

Tẹ́ ẹ bá dé Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, má ṣe jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tẹ́ ẹ bá gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ Faransé. Ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ ló ní ẹbí ní Abidjan. Kì í ṣe inú ìwé ni wọ́n ti kọ́ èdè yẹn o, ìdí ọjà ni. Ọmọ yunifásítì náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní àǹtí tàbí bùọ̀dá kan ní Cotonou, Lomé tàbí Abidjan, ẹ bẹ̀ wọ́n kí ọmọ yín wá lo ìsinmi gígùn kan lọ́dọ̀ wọn. Kó máa bá wọn jókòó sí ìsọ̀, kó máa ka owó, kó máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀.

Tí kò bá sí ẹbí níbẹ̀, ọ̀nà míì wà. Ní Àjárá, nítòsí Badagry, ìjọba Nàìjíríà ní abúlé kan tí wọ́n dìídì yà sọ́tọ̀ fún èdè Faransé. Ibẹ̀ làwọn yunifásítì máa ń rán àwọn tó ń kọ́ Faransé lọ kí wọ́n lè máa gbé inú èdè náà.

Lẹ́tà mẹ́ta tó lè gbé èrè lọ

Ká sọ pé àbúrò yín kan ní London rí ẹni tó fẹ́ ra òrí lọ́wọ́ yín. Ẹ dá iye kan fún un, ó sì gbà. Àmọ́ ta ló máa san owó ọkọ̀ òkun? Ta ló máa san owó ìbánigbófò? Àwọn oníṣòwò kárí ayé ti ní ọ̀rọ̀ kúkúrú tó dáhùn àwọn ìbéèrè yìí. Incoterms ni wọ́n ń pè é, ọdún 1936 ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e jáde. Tẹ́ ẹ bá kọ FOB Lagos, ojúṣe yín lórí ẹrù náà parí nígbà tí wọ́n bá ti gbé e sínú ọkọ̀ òkun ní Èkó. Oníbàárà ló máa bójú tó ìyókù. Tẹ́ ẹ bá kọ CIF London, ẹ̀yin lẹ máa san owó ọkọ̀ àti ìbánigbófò títí dé èbúté tó wà lọ́hùn-ún. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè tajà tán kó má rí èrè kankan.

Ìlànà oúnjẹ náà ńkọ́? Ní 2015, European Union ò jẹ́ kí ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà wọ ọ̀dọ̀ wọn mọ́, torí pé oògùn apakòkòrò tó ń jẹ́ dichlorvos tí wọ́n rí nínú ẹ̀ ju ìwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà lọ. Àwọn tó ń ta ẹ̀wà yẹn mọ ọjà wọn dáadáa. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni òfin ibi tí wọ́n ń kó o lọ. Irú ẹni tó máa ka òfin yẹn, tó sì máa ṣàlàyé ẹ̀ fún àgbẹ̀ lédè tó yé e, la nílò. Ọmọ yín lè di ẹni yẹn.

Owó wo la máa san?

Iye owó sẹ́fà sí owó Yúró kì í yí pa dà: sẹ́fà 655.957 ni Yúró kan. Ti náírà ò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà ní June 2023, ńṣe ló já wálẹ̀. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ra aṣọ láwìn ní Cotonou lóṣù May ọdún yẹn, tó tà á ní náírà, tó wá ní kóun san gbèsè lóṣù July. Òótọ́ ni pé ó jèrè nígbà tó tà á, àmọ́ gbèsè ti gbé èrè mì. Torí náà, ẹ kọ́ ọmọ yín pé kó tó béèrè pé “Èló ni?”, kó kọ́kọ́ béèrè pé “Owó wo la máa san, ìgbà wo sì ni?”

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe lọ́dún yìí

- Ọdún kìíní àti ìkejì: kí ọmọ kọ́ Faransé lójoojúmọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré.
- Ọdún kẹta: kó lo ìsinmi kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń báni gba ẹrù jáde ní Àpápá tàbí ní ibodè. Owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n lè fún un, síbẹ̀ ó máa fọwọ́ kan ìwé tó ń gbọ́ nípa ẹ̀ ní kíláàsì.
- Ọdún kẹrin: kó mú ọjà kan ṣoṣo, bí òrí, kasú tàbí ẹ̀gẹ́, kó wádìí ibi tó ń lọ, ìwé tó nílò àti iye tó máa náni títí táá fi débẹ̀.

Àwọn àgbà sọ pé ẹni tó máa jẹ àṣàmú, láti kékeré ni yóò ti máa ṣẹnu ṣámúṣámú. Lọ́jọ́ tí ọmọ yín bá tún wálé, ẹ pè é jókòó sọ́dọ̀ ìyá àgbà tó ti ṣòwò dé Kumasi tàbí Abidjan rí. Kí ìyá sọ bí wọ́n ṣe ń mọ oníbàárà tó máa sanwó àtèyí tí kò ní san án. Kí ọmọ náà sọ bí wọ́n ṣe ń kọ àdéhùn kí ọ̀rọ̀ má bàa dá ìjà sílẹ̀. Ohun tí ọ̀kan ò ní nínú àwọn méjèèjì, ẹnì kejì ló ní i.