Ìgbì Tí Kò Bá Afẹ́fẹ́ Wá

Ẹni tó bá ti lọ ṣe fàájì létíkun Lẹ́kí á ti rí i rí: afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, imọ̀ àgbọn kò mì, síbẹ̀ ìgbì ńlá ń ya lu yanrìn, ó ń fa ẹsẹ̀ ọmọ aráyé. Ibo ló ti wá? Ìjì tó jà nísàlẹ̀ gúúsù òkun Àtìláńtíìkì ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn ló bí i. Ìjì ọ̀hún ti kú, ìgbì rẹ̀ ṣì ń rìn bọ̀.

Ohun tí ará Èkó ń fojú rí yìí ni àwọn amòòkùn ìlú Monterey, ní California, ń wò nínú fóònù kí wọ́n tó gbé sílíńdà kọ́ ẹ̀yìn. Orí yanrìn ni wọ́n ti ń rìn wọ omi, ọ̀pọ̀ wọn kì í wọ ọkọ̀. Ibi tí ìgbì ti ń fọ́ gan-an ni wọ́n ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni wọn ó gbà jáde.

Àjọ NOAA, tó ń ṣọ́ òkun àti ojú ọjọ́ fún Amẹ́ríkà, ní àwọn ẹ̀rọ tó léfòó lójú agbami, ibẹ̀ ni nọ́ńbà inú fóònù náà ti ń wá. Èyí tí wọ́n ń pè ní 46042 wà ní ìwọ̀-oòrùn Monterey. Ó ń sọ bí ìgbì ṣe ga tó àti iye ìṣẹ́jú-àáyá tó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Gíga ni ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí. Tèmi kì í kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ìpíndọ́gba ìdá kan nínú mẹ́ta ìgbì, àwọn tó ga jù, ni nọ́ńbà gíga yẹn. Ẹyọ kan lè yọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀.

Ìṣẹ́jú-àáyá yẹn ni kí ẹ wò. Bó bá jẹ́ 8, nǹkan bíi mítà 100 ló wà láàárín orí ìgbì kan sí orí èkejì lójú agbami. Bó bá di 16, ó ti di mítà 400. Ìgbì sì máa ń mi omi dé ìsàlẹ̀ tó tó ìdajì gígùn yẹn: ti àkọ́kọ́ kò ju mítà 50 lọ, ti èkejì dé 200. Wọ́n lè ga bákan náà lójú agbami o, ṣùgbọ́n èkejì ló máa gbé amòòkùn síwá sẹ́yìn nísàlẹ̀ omi, òun náà ló máa dìde gàgàrà bó bá dé etí ilẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì ló bí ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìgbì báyìí. Àwọn onímọ̀ òkun méjì, Harald Sverdrup àti Walter Munk, ló ṣe é kí àwọn ọmọ ogun lè mọ ìgbà tí ọkọ̀ wọn á lè gúnlẹ̀ sí etíkun ọ̀tá. Wọ́n lò ó fún ìgúnlẹ̀ Normandy, ní ilẹ̀ Faransé, ní 1944.

Ti afẹ́fẹ́ kò le. Bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ lọ́sàn-án, nítorí náà àárọ̀ ni àwọn amòòkùn ń lọ.

Monastery Beach, lẹ́bàá Carmel, ni mo bẹ̀rù jù. Àfonífojì abẹ́ òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹsẹ̀ yanrìn níbẹ̀, kò sí ilẹ̀ tí ìgbì á kọ́kọ́ fara gbún kí agbára rẹ̀ dín. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni yanrìn náà, ó sì ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ṣubú pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn kì í tètè dìde. Rírá ni wọ́n ń rá jáde, tẹsẹ̀ tọwọ́, ẹ̀rọ ìmí kò sì gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu. Mọ́ṣúárì ni àwọn amòòkùn ń pè é ní ìnagijẹ.

Nínú ìlú Monterey fúnra rẹ̀, ògiri òkúta kan wà tí wọ́n ń pè ní Breakwater. Etíkun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fara pamọ́ ju Monastery lọ. Ìgbì kì í sábà lágbára níbẹ̀, àfi bó bá ti ìhà àríwá wá. Nítorí náà ìhà tí ìgbì ti ń bọ̀ ló ń yan etíkun fún amòòkùn. Bí nọ́ńbà bá tilẹ̀ dára, ẹ dúró fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ wo omi, torí ìgbì ńlá máa ń kọ́wọ̀ọ́ rìn ni, á sì fi omi sílẹ̀ ní pẹ̀lẹ́ láàárín ọ̀wọ́ kan sí èkejì. Kí ẹ sì wo àsọtẹ́lẹ̀ wákàtí tí ẹ ó jáde. Wákàtí tí ẹ ó wọlé nìkan ni àwọn tó ń kánjú máa ń wò.